Gbèsè Tó Ń Yọ Pẹ̀lú Oòrùn

Àsàláámù àlékúm, ẹ̀yin ará nínú ẹ̀sìn. Ẹ kú ọjọ́ Jímọ̀ o.

Tí òjò bá ń rọ̀ léraléra, ẹ bi àwọn ìyá tó ń ṣe èlùbọ́ ní Òkè-Ògùn léèrè bí oòrùn ti níyì tó. Iṣu tí wọ́n ti bó, tí wọ́n ti bọ̀ lómi gbígbóná, tí wọ́n sá sórí àpáta, á bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ṣùgbọ́n kí oòrùn yọ dáadáa báyìí, ariwo wa ni pé ó fẹ́ẹ́ pa èèyàn! Ọmọ Ádámọ̀ rèé. Oòrùn yìí kan náà àti ìmọ́lẹ̀ ìyálẹ̀ta rẹ̀ ni Ọlọ́hun Ọba fi búra níbẹ̀rẹ̀ Súrátù Ṣamsi.

Kò sẹ́ni tó ń já bíìlì oòrùn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa bí ti iná mànàmáná. Àmọ́ gbèsè wà níbẹ̀. Nínú hádíìsì tó wà nínú ìwé àwọn àáfà ńlá méjì tó kó ọ̀rọ̀ Ànábì jọ, Bukhari àti Muslim, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ pé gbogbo oríkèé ara èèyàn ló jẹ sàráà lójoojúmọ́ tí oòrùn bá yọ. Ìyá wa Áíṣà, ìyàwó Ànábì, gba á wá láti ẹnu rẹ̀ pé oríkèé 360 ni Ọlọ́hun dá sí wa lára. Kí o dájọ́ òdodo láàárín èèyàn méjì, sàráà ni. Kí o bá èèyàn gbé ẹrù rẹ̀ sórí ohun tó ń gùn, sàráà ni. Ọ̀rọ̀ tó dára, ẹsẹ̀ tó ń gbé ọ lọ kírun, ìdọ̀tí tí o ṣá kúrò lójú ọ̀nà, sàráà ni gbogbo wọn.

Ojú ọ̀nà yẹn ni mo fẹ́ bá wa sọ. Jímọ̀ ni ọjọ́ tó lóore jù lọ tí oòrùn yọ sí, Ànábì ló wí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an la máa ń fi mọ́tò dí títì níwájú mọ́sáláásí, tí ìyá tó ru igbá àgbàdo á dúró sínú oòrùn ọ̀sán, tí kò ní rọ́nà gbà, títí lèmámù á fi sálámà. Láádá la wá gbà, àbí ẹ̀ṣẹ̀?

Ọlọ́hun ṣe é nírọ̀rùn fún wa o. Abu Dharr, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, gba á wá láti ẹnu rẹ̀ pé rákà méjì tí èèyàn bá kí ní ìyálẹ̀ta á tó fún sàráà gbogbo oríkèé náà. Tí oòrùn bá ti gòkè díẹ̀, kí ó tó dé àtàrí, àsìkò rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù lè kí i kí oníbàárà tó pọ̀. Tí ẹ bá sì ti kí i tán lónìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ibi tó dáa gbé mọ́tò yín sí.