Owó Òní, Gbèsè Ọ̀la: Bí Ọpọlọ Ṣe Ń Wọn Èrè àti Àdánù Tí Kò Tíì Dé

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó.

Ọ̀dọ̀ alájọ la ti máa bẹ̀rẹ̀. Aláta kan ní ọjà Wúsè ní Àbújá ń dá ₦1,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ 31. Nígbà tó bá kó o, ₦30,000 ni yóò bọ́ sí i lọ́wọ́. ₦1,000 tó kù, ti alájọ ni. Ọ̀pọ̀ ló máa ní ó pàdánù. A kò gbà bẹ́ẹ̀, ìṣirò ni a ó sì fi ṣàlàyé.

Ní 1937, Paul Samuelson, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, gbé ìlànà kan kalẹ̀ pé ìdá kan náà ni iye ohun tó ń bọ̀ fi ń dín lójú wa fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí a ó fi dúró dè é. Ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn kì í lọ báyẹn. James Mazur, onímọ̀ nípa ìhùwàsí, dán ẹyẹlé wò, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1987 pé iye náà máa ń já wálẹ̀ kíákíá níbẹ̀rẹ̀, kó tó wá máa rọra dín. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún èèyàn. Ìṣirò rẹ̀ rèé: ẹ fi k sọ iye ọjọ́ di púpọ̀, ẹ fi 1 kún un, kí ẹ fi àpapọ̀ rẹ̀ pín owó náà. k yìí ni ìwọ̀n ìkánjú ẹnìkọ̀ọ̀kan.

Ẹ bi ara yín: èló ní ọjọ́ 30 òní ló máa dọ́gba lójú mi pẹ̀lú ₦10,000 lónìí? Bí ẹ bá ní ₦15,000, ẹ pín in pẹ̀lú 10,000, yóò jẹ́ 1.5; ẹ yọ 1 kúrò, kí ẹ fi 30 pín 0.5 tó kù. k yín jẹ́ ìdá kan nínú 60.

Ẹ wá wò ó. Pẹ̀lú k yìí, ₦14,000 tó máa dé ní ọjọ́ 30 kò ju ₦9,333 lọ lójú yín, nítorí náà ẹ ó mú ₦10,000 òní. Ẹ sún méjèèjì síwájú ní ọjọ́ 60: ₦10,000 di ₦5,000, ₦14,000 di ₦5,600. Ẹ ó yí ìpinnu padà! Òótọ́ inú lẹni tó ní “bí owó oṣù tó ń bọ̀ bá wọlé, màá fi pamọ́” fi sọ ọ́. Ọjọ́ tí owó wọlé gan-an ni ìṣirò yí mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdènà fún ọjọ́ yẹn ni aláta ń fi ₦1,000 rà.

Ohun méjì ló máa ń ba ìdánwò yìí jẹ́. Bí ẹ kò bá gbọ́kàn lé ẹni tó máa sanwó, ìbẹ̀rù lẹ ń wọ̀n. Bí ọjà bá ń gbówó lórí, ó tọ́ kéèyàn fẹ́ owó òní. Mudu ẹ̀wà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n dípò náírà. Bákan náà, k máa ń kéré bí owó bá tóbi, nítorí náà k ₦10,000 kò ṣeé lò fún owó ilé.

Nínú ọpọlọ ńkọ́? Ní 2007, Joseph Kable àti Paul Glimcher, àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ, fi ẹ̀rọ wò ó pé bí iye ohun kan bá ṣe ń dín lójú ẹnìkan ni iṣẹ́ ventral striatum (apá kan nínú ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ lórí èrè) àti iwájú ọpọlọ láàárín ń dín. Ní 2010, Bernd Figner àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì dí ẹ̀gbẹ́ òsì iwájú ọpọlọ lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn ènìyàn túbọ̀ ń mú ti ìsinsìnyí, bẹ́ẹ̀ iye tí wọ́n ka ẹ̀bùn kọ̀ọ̀kan sí kò yí padà. Èyí wú wa lórí gan-an: èèyàn lè mọ ohun tó dára jù, kí agbára àtidúró má sì sí.

Ti àdánù yàtọ̀. Richard Thaler fi hàn ní 1981 pé àdánù ọjọ́ iwájú kì í fúyẹ́ lójú wa tó èrè ọjọ́ iwájú. Nínú àyẹ̀wò Gregory Berns ní 2006, àwọn kan tiẹ̀ yan kí iná mànàmáná tó le jù gbé wọn kíá, ju kí wọ́n máa retí èyí tó rọ̀. Ìrètí ibi fúnra rẹ̀ ń dunni.

Ẹ lo èyí bí wọ́n bá fi ẹ̀yáwó orí fóònù lọ̀ yín. Ìpolówó á gbé ₦20,000 síwájú, á fi ₦26,000 pamọ́ sí “ọjọ́ 30”. Ẹ kọ àdánù náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ gan-an, torí Daniel Read àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní 2005 pé ìkánjú máa ń dín bí a bá dárúkọ ọjọ́ dípò ká ka iye ọjọ́.

Ẹ tún lò ó fún owó ilé ọdún kan tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà ní Àbújá. Bó bá jẹ́ ₦600,000, ẹ ní kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù máa yọ ₦50,000 lóṣooṣù kí owó oṣù tó kàn yín lọ́wọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni kí ẹ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù, nígbà tí ọjọ́ owó ṣì jìnnà, kí ẹ sì rí i dájú pé ẹ kò lè fi fóònù fa owó náà jáde.