Àpò Àáró, Àpò Ọ̀wẹ̀: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Ẹgbẹ́ Sọ Lórí Owó, Aṣọ àti Ìlù

Ẹ̀yin bàbá ìsàlẹ̀ wa, ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kún ẹ̀yìn gbọ̀ngán, ẹ kú ìjókòó. Ìwé tí ẹ fi pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ẹgbẹ́ ṣe lè rí owó ṣe iṣẹ́ ìlú, kí n sì fi díẹ̀ kún un lórí àṣà. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní fi àṣà ṣe èènì. Òun gan-an ni ọjà tí mo gbé wá.

Ní 1934 ni Ilesa Grammar School bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ Àtúnlùṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà ló dá a sílẹ̀. Ní 1943, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ bíbí Ọ̀fà dá Offa Grammar School sílẹ̀ ní ìlú tiwọn. Owó epo rọ̀bì kò tíì dé nígbà yẹn. Ẹ sì rántí irú ìlú tí Iléṣà jẹ́: ibẹ̀ ni àwọn òṣómàáló ti jáde, oníṣòwò tó ń tà aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú, tó bá wá di ọjọ́ ìgbowó, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, á ní òṣó ni òun máa ló títí òun á fi gba owó òun. Ìlú tó mọ iyì kọ́bọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ló bí ẹgbẹ́ tó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ìbéèrè tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni pé, kí ló ń mú kí ẹni tó mọ owó tọ́jú tú àpò rẹ̀ fún ẹgbẹ́?

Àwọn baba wa ti dáhùn kí ìwé tó dé. Wọ́n ní àáró, wọ́n ní ọ̀wẹ̀. Àáró ni pé mo bá ọ kọ ebè lónìí, o bá mi kọ tèmi lọ́la. Gbèsè ni, a sì máa ń san án. Ọ̀wẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ní iṣẹ́ ńlá tó ju agbára rẹ̀ lọ, ó fẹ́ kọ́ ilé, ó kó ènìyàn jọ, ó se oúnjẹ, ó gbé ẹmu kalẹ̀, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń po amọ̀. Iṣẹ́ kan pàtó ni wọ́n wá ṣe. Bí onílé bá wá kó amọ̀ náà lọ mọ ògiri ibòmíràn, ta ni yóò tún jẹ́ ọ̀wẹ̀ rẹ̀?

Owó oṣooṣù tí a ń dá, àáró ni. Òun la fi ń lọ síbi ìsìnkú òbí ara wa, òun la fi ń kí ọlọ́mọ tuntun. Ayẹyẹ ìkówójọ tí a pe gbogbo ìlú sí, ọ̀wẹ̀ ni. Ibi tí àpò méjèèjì bá ti di ọ̀kan ni ẹgbẹ́ ti máa ń bàjẹ́.

Mo rí i rí. Ẹgbẹ́ kan tí èmi náà wà nínú rẹ̀ kó owó jọ láti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún àdúgbò. A gbẹ́ ẹ débi omi, ó ku ẹ̀rọ àti táǹkì. Bàbá ọ̀kan nínú wa kú. A mú nínú owó kànga, a ní oṣù méjì la ó dá a padà. Kò sẹ́ni tó jí kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n páìpù dúró lórí ilẹ̀ níbẹ̀ láìní ìdérí, àwọn ọmọdé ń ju òkúta sínú rẹ̀, wọ́n á tẹ́tí gbọ́ bó ṣe ń dún lọ sísàlẹ̀. Nígbà tí a máa rí owó padà, òkúta ti dí i. Mo ṣì máa ń gba ibẹ̀ kọjá, ó sì máa ń dùn mí.

Ohun tí àwọn baba wa mọ̀ yìí, àwọn ẹgbẹ́ ńlá àgbáyé kọ ọ́ sínú òfin. Ẹgbẹ́ Lions, tó bẹ̀rẹ̀ ní Chicago ní 1917, kò gbà kí ẹgbẹ́ kankan fi owó tí ó gbà lọ́wọ́ ará ìlú náwó inú ilé rẹ̀. Àkáǹtì méjì ni wọ́n ń ní. Rotary, tí a bí nílùú kan náà ní 1905, gba orúkọ rẹ̀ nítorí pé ọ́fíìsì ọmọ ẹgbẹ́ kan sí òmíràn ni wọ́n ń yí ìpàdé ká, bí ẹgbẹ́ tiwa ṣe ń ṣe é láti ilé dé ilé. Láti 1985 ni wọ́n ti ń dáwó lé àrùn rọpárọsẹ̀ lórí, wọn ò sì yí i sí nǹkan mìíràn. Ní August 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) kéde pé rọpárọsẹ̀ tí kò ti ara oògùn àjẹsára wá ti kúrò ní Áfíríkà. Nàìjíríà wa yìí ló kẹ́yìn nínú àwọn orílẹ̀-èdè tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aṣọ àti ìlù wá kàn. Àwọn kan ní ìnákúnàá ni. Ẹ bá mi dé Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Àwọn mùsùlùmí ló bẹ̀rẹ̀ Ojúde Ọba, wọ́n ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ pé ó fún wọn láàyè ẹ̀sìn wọn. Lónìí, onírúurú ẹ̀sìn ló ń jó níbẹ̀, ní regbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra: Gbọ́baníyì, Bọ́bagúnwà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọba Sikiru Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ tó jọba láti 1960 títí ó fi wàjà ní July 2025, ló jí ètò regbérégbé dìde padà. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń wá sílé nítorí aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó bá délé ló ń rí ilé ìwé tí òrùlé rẹ̀ ti jò. Ta ló máa rí i bí kò bá wálé?

Aṣọ fúnra rẹ̀ ń pa owó. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ 120 ra aṣọ, a sì fi ₦2,500 lé iye tí a rà á lọ́jà. ₦300,000 nìyẹn kí onílù tó dé. Kí ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé èrè wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì sọ iṣẹ́ tí èrè náà máa ṣe. Onígángan ní tirẹ̀, bó bá ti ki ènìyàn délé baba rẹ̀ àgbà, ọwọ́ á kúrò lórí tábìlì, á lọ sí àpò. Kì í ṣe ẹ̀tàn. Ó ń rán an létí pé ẹnì kan ló ṣe ọ̀nà tí òun ń tọ̀.

Mo parí síbẹ̀, ìyá kan sì dìde. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ẹni tí kò lè ra aṣọ ńkọ́? Ṣé kò ní bá wa jó ni?” Ìbéèrè wọn dára ju ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mi lọ. Mo ní ẹ jẹ́ kí fìlà àti gèlè nìkan jẹ́ ti ẹgbẹ́ lọ́dún yìí, kí kálukú wọ aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá mú ₦500 wá sí ọ̀wẹ̀, kí akápò kọ orúkọ rẹ̀ sójú ewé kan náà pẹ̀lú ẹni tó mú mílíọ̀nù kan wá, kí wọ́n sì ka méjèèjì sókè. Ìyá náà béèrè lọ́wọ́ akápò bóyá ó gbọ́. Akápò ní òun gbọ́, ó sì lọ mú ìwé òfo kejì wá.