Ìwé ewì àtijọ́ ní àwòrán, ta ni yóò fún un lóhùn?

[Lójú fídíò: bébà funfun kan, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀: ISE NI OGUN ISE]

Ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ bá mi ka ohun tó wà lójú fóònù yín yẹn. Ẹ kà á sókè, ẹ má tijú.

Mo mọ ohun tí ẹ kà. “Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́.” Ẹnu yín ti parí ẹ̀ kí ojú yín tó dé ìdí ẹ̀. Ẹ wá tún un wò: kò sí àmì kankan lókè, kò sí nísàlẹ̀, mo tiẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ yọ “o” kan kúrò láàárín. Ẹ̀yin lẹ fi ohùn sí i. Ẹnì kan ló ti fi ohùn náà pa mọ́ sí yín létí, bóyá tíṣà yín ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bóyá bàbá yín láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ò fẹ́ dìde lórí ẹní.

Ní ọlidé tó kọjá, mo fi bébà yìí gan-an han ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún méje. Èkó ló ń gbé, ó wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa níbí, ní Ẹ̀pẹ́. Ọmọ tó mọ̀wé ni. Ó wo bébà, ó ní, “Ìṣẹ́ ni ogun iṣẹ́.” Màmá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ń yí ẹja lórí ààrò lẹ́yìnkùlé. Ó gbójú sókè nínú èéfín, ó ní, “Ta ló ń gbógun ti iṣẹ́ nínú ilé tèmi?”

Àárín ohun tí ọmọ yẹn kà àti ohun tí ẹ̀yin kà ni fídíò òní wà. Ìwé ewì ọmọdé, àwọn àtijọ́ tí wọ́n ya àwòrán sí, tó ti wà nínú àpótí láti ayé àwọn ìyá wa: báwo la ṣe máa gbé e lé ọmọ lọ́wọ́ tí kò fi ní jẹ́ bébà lásán? Èrò tèmi ni pé ìwé yẹn nìkan kò tó. Ẹ wá àgbà kan mọ́ ọn.

Àwọn tíṣà Yorùbá máa ń fi dò, re, mí kọ́ni ní ohùn. Iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe, re-mí ni. Ìṣẹ́ tó ń bá òtòṣì fínra, dò-mí ni. Lẹ́tà kan náà ló wà nínú méjèèjì, ohùn ìbẹ̀rẹ̀ ló yà wọ́n. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ àárín: ogun tí wọ́n ń jà, ogún tí bàbá fi sílẹ̀, Ògún onírin, òógùn ojú, oògùn tí à ń lò sí àìsàn. Ẹ ṣí àmì kúrò lórí wọn, kí ẹ yọ “o” kan nínú àwọn tó ní méjì bí mo ti ṣe, gbogbo wọn á wọ aṣọ ẹbí kan náà. Ọmọ tí kò gbọ́ ọ rí, kí ni yóò fi dá wọn mọ̀?

Ewì òyìnbó tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé, ìparí ìlà rẹ̀ ló máa ń dún bákan náà. Tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Adùn tiwa wà nínú kí ohùn máa gòkè, kó máa sọ̀, kí ọ̀rọ̀ tó jọra lójú yàtọ̀ létí. Ọmọ tó bá fi ohùn kan ṣoṣo ka ewì Yorùbá bí ẹni ń pe orúkọ ní kíláàsì, kò tíì kà á.

Ìwé tó gbé ewì iṣẹ́ yìí dé ọ̀pọ̀ ilé ni Aláwìíyé, láti Ìwé Kìíní dé Ìkẹfà. J. F. Ọdúnjọ ló kọ ọ́, ọmọ Ìbarà ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n bí lọ́dún 1904. Tíṣà ni kó tó di mínísítà nínú ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì tún gbé Àkójọpọ̀ Ewì Aládùn jáde lọ́dún 1961. Ó kú lọ́dún 1980, àmọ́ ẹ dúró sí gáréèjì Ẹ̀pẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìlà kìíní ewì yẹn, awakọ̀ kan á bá yín parí ẹ̀.

Àwòrán ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni mo ń bọ̀.

[Lójú fídíò: ìka àgbàlagbà kan lórí àwòrán ọkọ̀ ojú omi]

Màmá Àgbà kò ju ìwé mẹ́ta lọ. Lẹ́tà kéékèèké ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, kódà pẹ̀lú awò. Ṣùgbọ́n kò sí àwòrán tí kò lè kà. Ìwé ewì kan wà nínú àpótí rẹ̀, èèpo rẹ̀ ti ṣí kúrò, a ò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Àwòrán dúdú àti funfun ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi gègé yà. Ewì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan wà níbẹ̀ nípa apẹja, wọ́n sì ya apẹja náà sókè rẹ̀ nínú ọkọ̀.

Màmá Àgbà gba ìwé lọ́wọ́ wa, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yìn ni eléyìí fi ń lọ ni? Ó ń wẹ̀yìn bí ẹni tó jẹ gbèsè!”

A wò ó dáadáa. Òótọ́ ni. Ẹni tó yà á fi àjẹ̀ méjì sí apẹja lọ́wọ́, ọ̀tún àti òsì, ó sì jẹ́ kó kọ ẹ̀yìn sí ibi tó ń lọ, bí òyìnbó ṣe ń wa ọkọ̀ tiwọn. Lórí ọ̀sà wa, àjẹ̀ kan ni èèyàn ń lò, ojú ni ó sì fi ń wo ọ̀nà. Màmá Àgbà dìde lórí àpótí, ó gba ìgbálẹ̀ ọlọ́wọ́ gígùn, ó fi ṣe àjẹ̀, ó fi han ọmọ bí ìyá tirẹ̀ ṣe ń tukọ̀ lọ sọ́jà kí ilẹ̀ tó mọ́, àrọ̀ àti èpìyà nínú agbọ̀n, ọmọ kan lẹ́yìn. Ewì náà kò gba ìṣẹ́jú kan. Àwòrán náà gba gbogbo ìrọ̀lẹ́ wa, ẹja tó wà lórí ààrò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kà á pẹ̀lú ọmọ, ẹ fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ ná. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wo àwòrán, kó sọ ohun tó rí. Lẹ́yìn náà kí àgbà sọ ohun tí òun rí, wọn kì í sábà rí nǹkan kan náà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí àgbà wá lé ìlà kan, kí ọmọ gbè é, bí a ṣe ń lé orin tí à ń gbè é. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ wo ìwé rárá ní ìgbà àkọ́kọ́ tó bá ń gbè. Etí ni kó fi mú un. Tó bá di ìgbà kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ ṣí ọwọ́ kúrò lórí ọ̀rọ̀, ẹ̀rín ni ọmọ máa rín nígbà tó bá rí i pé ohun tí ẹnu òun ń sọ ló wà nílẹ̀ yẹn.

Ohun kan á mú un dúró ṣá: sípẹ́lì. Ọmọ wa sáré wá bá mi, ó ní, “Àǹtí, wọ́n ṣì í kọ!” Ó rí “aiye,” ó rí “enia,” ó rí “nwọn” àti “ọkọnrin.” Wọn ò ṣì í. Ìpàdé kan wáyé l'Ékòó lọ́dún 1875, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ló darí rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò sí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, àwọn tó ń kọ̀wé sì ń tẹ̀ lé e fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ náà lọ́dún 1965, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, nígbà tó sì di 1974, ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò lónìí. Bí “aiye” ṣe di “ayé” nìyẹn, tí “nwọn” di “wọ́n.” Ìlà kọ́lọkọ̀lọ tí wọ́n máa ń fi sórí “õ” láti fi hàn pé a fà á, òun náà lọ, a wá ń kọ “o” méjì.

Màmá Àgbà ò fẹ́ gbọ́. Ó ní “aiye” ni wọ́n fi kọ́ òun, “aiye” lòun máa bá lọ. Mi ò bá a jiyàn. Mi ò sì jẹ́ kí ọmọ fi bírò ṣàtúnṣe sínú ìwé náà. Mo ní kó kọ tòde òní sínú ìwé tirẹ̀, kó gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Owó náà á dá ìbéèrè sílẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 la ti ń ná náírà, ewì tó sì ṣáájú ìgbà yẹn ṣì ń ná tọ́rọ́ àti sísì. Tọ́rọ́ mẹ́rin ní ń jẹ́ ṣílè kan, sísì méjì náà sì ni. Ẹ fi ìṣirò yẹn sílẹ̀ fún àgbà, inú wọn á dùn.

Ó tún lè jẹ́ pé àgbà méjì nínú ilé yín kò ní kà á bákan náà. Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ni Màmá Àgbà, Èkó-Ẹ̀pẹ́ sì ni ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé, àtọmọdọ́mọ àwọn tó tẹ̀ lé Ọba Kòsọ́kọ́ wá láti Èkó lẹ́yìn ogun 1851 tí òyìnbó fi lé ọba náà kúrò. Títí bàbá fi kú, wọn ò fẹnu kò lórí ohun tó tẹ̀ lé “Ení bí ení là ń kawó, èjì bí èjì làgbà ń tayò.” Ẹ má ṣe ìdájọ́ o. Ẹ kọ́ ọmọ ní méjèèjì.

Àwọn tó ní ọmọ lókè òkun ń bi mí pé báwo ni tiwọn. Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé kan, ẹ fi WhatsApp ránṣẹ́, kí Màmá sì fi fóìsì nóòtì tẹ̀ lé e. Ojú ìwé kan lọ́sẹ̀ kan ti tó. Tí Màmá bá ṣàṣìṣe, tó húkọ́, tó pe ẹlòmíì láàárín, ẹ má gé e kúrò.

Ṣùgbọ́n ẹ má ya gbogbo ìwé kí ẹ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní Copyright Act 2022 sọ pé ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé wà títí 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tó kú, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tó ya àwòrán. Ọdúnjọ kú lọ́dún 1980, a jẹ́ pé ó di òpin 2050. Ẹ rí i rà, ẹ rà á.

[Lójú fídíò: ìwé aláìléèpo náà, bébà kékeré kan lẹ̀ mọ́ àwòrán ọkọ̀]

Ọjọ́ tí ọmọ máa padà sí Èkó, ó mú pẹ́ńsù, ó tún apẹja yẹn yà sórí bébà kékeré. Àjẹ̀ kan, ojú síwájú. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìwé, ó gbé e fún Màmá Àgbà, ó sì ké ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún un láìwo ibì kankan. Màmá Àgbà gbé awò sójú, ó wò ó títí.

“Ó ti mọ ọkọ̀ wà báyìí,” ó ní. “Ẹja dà?”