Wáàsí Jímọ̀: Síga àti ẹsẹ̀ tí a fi ń kírun

As-salaamu alaykum wa rahmatullaahi wa barakaatuh.

Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ nínú hádíìsì tí Tirmidhi gbà wá pé ẹsẹ̀ ọmọ Ádámọ̀ ò ní kúrò níwájú Olúwa rẹ̀ lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀ títí wọn ó fi bi í léèrè nǹkan márùn-ún. Ìgbà èwe rẹ̀ àti ohun tó fi ṣe wà níbẹ̀. Owó rẹ̀ àti ibi tó ná an sí wà níbẹ̀. Síga ń jẹ méjèèjì.

Ọ̀dọ́ tó ń mu ún á ní, "Ikọ́ ò kúkú ṣe mí." Kó wo ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀. Carbon monoxide, gáàsì olóró tó wà nínú èéfín síga, máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, ó sì ń gba àyè ọ́síjìn. Iṣan itan ò wá rí èyí tó máa lò: ọmọ ọdún 20 gun àtẹ̀gùn, ó ń mí hẹlẹ, ojú ti rí ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, ẹsẹ̀ ò débẹ̀ lásìkò. (Ṣíṣà náà ńkọ́? Omi inú rẹ̀ ò sẹ́ gáàsì yìí.) Nikotíìnì, èròjà inú tábà tó ń sọ síga di bárakú, ní tirẹ̀ ń dé ọpọlọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 20. Àyà á máa lù kìkì, ọwọ́ á máa gbọ̀n díẹ̀. Télọ̀ tó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ á mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn bíi wákàtí méjì, ìdajì rẹ̀ ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ara á tún máa bèèrè, ọkàn ò ní fara balẹ̀. Ẹ wá wo onítọ̀hún lórí ìrun: rúkúù ò tíì jókòó tó ti nàró, ìforíkanlẹ̀ bí àkùkọ tó ń ṣá àgbàdo.

Ọlọ́hun sọ nínú Súrà Al-Baqarah, ááyà 195, pé ká má fi ọwọ́ ara wa fa ara wa sínú ìparun.

Ẹni tó fẹ́ jáwọ́, kó fi ààwẹ̀ Àtìní àti Àlàmísì bẹ̀rẹ̀. Tí èèyàn bá fi wákàtí 12 sí 24 yàgò fún èéfín, carbon monoxide ti wálẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Síga tí wọ́n fi ń ṣínu ló ń ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa ń le jù. Tó bá ń wù ú gan-an, kó lọ ṣe àlùwàlá, kó mu omi, kó rìn díẹ̀. Ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, ó máa ń rọlẹ̀.

Gọ́ọ̀mù nikotíìnì, tí ẹni tó fẹ́ jáwọ́ máa ń jẹ dípò síga, wà ní kẹ́míìsì. Ẹni tó ń mu síga láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó bá jí, 4 mg ni tirẹ̀. Àwọn yòókù, 2 mg. Kó jẹ ẹ́ títí yóò fi máa ta á lẹ́nu, kó wá fi í sáàárín èrìgì àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tó bá ń jẹ ẹ́ láìdúró bíi ṣingọ́ọ̀mù, á gbé nikotíìnì inú rẹ̀ mì pẹ̀lú itọ́, inú á rú u, òsúkè á sì mú un. Kó má mu kọfí tàbí ẹlẹ́rìndòdò ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú. Ó ń ba ààwẹ̀ jẹ́ o, nítorí náà ó di ẹ̀yìn ìṣínu.