Ìbéèrè Tí Ìkòkò Kan Lè Gbà

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, nígbà ìsinmi nìyí. Mo tún un kọ fún ẹni tí kò ráyè wá.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi, ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ gbé kàyé lẹ́sẹ̀. Kí adé pẹ́ lórí Alákétu, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní kí n wá sọ bí ènìyàn ṣe ń parí màsítà oníwàádìí nínú kẹ́mísìrì, èyí tí àwọn olùkọ́ yín ń pè ní chimie. Òótọ́ kan ni n ó fi ṣáájú: àwa tí a jọ bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni a jọ parí. Kì í ṣe pé orí àwọn tó ṣẹ́kù sọ́nà kò pé. Òmíràn nínú wọn mọ̀wé jù mí lọ fíìfíì. Ìbéèrè tí wọ́n gbé lérí ló tóbi ju ọwọ́ wọn lọ.

Bí ètò rẹ̀ ṣe rí kò le. Lẹ́yìn bákì, ìdánwò tí a fi ń jáde nílé ẹ̀kọ́ gíramà, ọdún 3 ni lìsáǹsì, oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, kírédíìtì 180. Màsítà jẹ́ ọdún 2, kírédíìtì 120, ìyẹn 30 fún sìmẹ́sítà kọ̀ọ̀kan. Púpọ̀ nínú àwa ọmọ Kétu, ọ̀nà Pọbẹ̀ àti Sakẹ́tẹ́ la ń gbà bọ́ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), kí a tó kọjá sí Kútọnu àti Abomey-Calavi, níbi tí yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970 wà. Ọdún kìíní màsítà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ẹ ti mọ̀: ẹ ó gbọ́ ẹ̀kọ́, ẹ ó ṣe ìdánwò. Ọdún kejì ni wọ́n máa ń ní kí o wọ lábò, kí o ṣèwádìí, kí o kọ mémoire, ìwé tó sọ ìwádìí rẹ, kí o sì wá dúró tì í níwájú àwọn onídàájọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń há.

Èmi náà há. Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ gbé lọ bá olùdarí mi ni pé mo fẹ́ mọ gbogbo èròjà tó wà nínú ewé tí àwọn ìyá wa fi ń wo ibà. Gbogbo rẹ̀! Ó wò mí, ó ní: "Ewé mélòó? Èròjà mélòó? Ẹ̀rọ wo lo fẹ́ fi wò wọ́n? Oṣù mélòó lo ní?" N kò rí ọ̀kan dáhùn. Láti mọ bí èròjà tuntun kan ṣoṣo ṣe rí, o ní láti yà á kúrò lára àwọn yòókù títí yóò fi mọ́ gaara, lẹ́yìn náà kí o gbé e lọ sí RMN, ẹ̀rọ tó ń fi bí èròjà ṣe so pọ̀ hàn, tí owó rẹ̀ kò sì ṣé fẹnu sọ. Bí kò bá sí ní tòsí, ìgò rẹ yóò rìnrìn àjò, ìwọ yóò sì jókòó máa retí.

Mo padà wálé, inú mi kò dùn. Ọjọ́ ọjà ni ìbéèrè mi wá bá mi. Ìyá Fúlàní kan tó ń ta wàgásì, ìyẹn wàrà líle, lẹ́bàá ìsọ̀ màmá mi ń pa á láró pupa. Ẹ mọ pòròpórò ọkà bàbà tó pupa rẹ́súrẹ́sú, tí wọ́n ń tà ní ìdì ìdì. Òun ló sè. Mo rí i tó ju kán-ún díẹ̀ sínú omi náà. Mo ní: "Ìyá, kí ni kán-ún ń ṣe níbẹ̀?" Ó ní bí òun kò bá fi í sí i, àwọ̀ kì í jáde dáadáa. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó fi mí rẹ́rìn-ín.

Ṣé òótọ́ ni pé kán-ún ń mú kí àwọ̀ púpọ̀ jáde ju omi lásán lọ? Ìbéèrè náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkòkò kan gbà á.

Àwọn onímọ̀ ti mọ àwọ̀ náà tipẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń jẹ́ apigeninidin, luteolinidin sì ń bá a rìn. Kán-ún ní tirẹ̀, kábónéètì sódíọ̀mù ló pọ̀ nínú rẹ̀, ìyẹn ni pé ó jẹ́ òdìkejì ásíìdì, ohun tó ń kan bí omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ohun tí mo ní láti ṣe kò ju kí n wọn pòròpórò kan náà, omi kan náà, ìṣẹ́jú kan náà, kí apá kan ní kán-ún, kí apá kejì má ní. Ìwọ̀n ìgbóná 3, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkòkò 18. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ni. Ó gbà mí ju oṣù mẹ́rin lọ, ẹ sì jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti kọ́ kẹ́mísìrì gan-an.

Àkọ́kọ́, mo ra pòròpórò ní ọjà mẹ́ta. Ẹ lè rò pé pòròpórò ni pòròpórò. Rárá. Òmíràn ti pẹ́ nínú oòrùn, òmíràn jẹ́ ti irúgbìn mìíràn. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo dà sígbó. Nígbà tí mo tún bẹ̀rẹ̀, ìdì kan náà ni mo gún, mo pò ó pọ̀ dáadáa kí n tó pín in.

Èkejì ló dùn mí jù. A máa ń fi ẹ̀rọ tí ń jẹ́ spectrophotomètre wọn àwọ̀: o tan ìmọ́lẹ̀ la omi náà kọjá, o wo èyí tí omi náà gbé mì. Bí àwọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ tó gbé mì ṣe ń pọ̀ tó, bí omi náà kò bá ṣáà ti ki jù. Mo wọn omi lásán, mo wọn omi kán-ún, mo kọ nọ́ńbà, inú mi ń dùn. Olùdarí mi gbé ìgò méjèèjì sójú fèrèsé. Ó ní: "Ṣé àwọ̀ kan náà nìwọ̀nyí?" Mo wò ó. Ọ̀kan pupa bí ọsàn tó pọ́n, èkejì ti ń lọ sí àlùkò. Àwọ̀ yìí máa ń yí padà ni: nínú ásíìdì ó rí bákan, nínú kán-ún ó rí bákan. Ojú ibi kan ṣoṣo nínú ìmọ́lẹ̀ ni mo sì fi wọn àwọn méjèèjì! Ẹni tó fi òṣùwọ̀n ẹ̀wà wọn epo ni mí. Ohun tó yẹ ni kí n fi ásíìdì da gbogbo ìgò padà sí ipò kan náà kí n tó gbé wọn síwájú ẹ̀rọ, kí n wá wọn wọ́n níbi tí apigeninidin ti ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì jù, láàárín nànómítà 470 àti 480, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìgbì ìmọ́lẹ̀. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ìkòkò kan nínú mẹ́ta fún mi ní nọ́ńbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi ti fẹ́ yọ ọ́ dànù. Ṣé ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń wò mí? Kí n tó ṣe é, mo ṣí kàyé lábò mi, mo sì rí ohun tí èmi fúnra mi kọ lọ́jọ́ náà: "iná lọ, ìṣẹ́jú 40." Omi náà kò gbóná tó. Mo fi nọ́ńbà náà sílẹ̀ nínú mémoire, mo kọ ìdí rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, mo tún ìkòkò mìíràn sè. Bí n kò bá kọ iná sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, irọ́ ni ǹ bá pa láìmọ̀, tàbí kí n mọ̀ ọ́n.

Ìyá Fúlàní náà jàre. Kán-ún borí ní gbogbo ìwọ̀n ìgbóná. Nínú omi bẹ́ẹ̀, èròjà àwọ̀ náà ń sọ háídírójìn díẹ̀ nù, ó ń di ohun tí omi lè gbé dáadáa. Kán-ún sì tún ń dẹ ara pòròpórò náà.

Kíkọ rẹ̀ kò dùn ún sọ. Èdè Yorùbá ni mo fi ń ronú, Faransé ni mo fi ń kọ, Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo ń kà. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo tí mo ní ni pé ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí lábò bá tán kí ẹ tó kọ. Apá tó sọ bí mo ṣe ṣe é, mo ti kọ ọ́ nígbà tí ìkòkò ṣì wà lórí iná.

Ó wá ku ọjọ́ soutenance, ọjọ́ tí a ń dúró ti mémoire níwájú àwọn onídàájọ́. Ọmọ Kétu tó ti rí bí Ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe ń dá dúró lóru níwájú gbogbo ìlú, kí ni ènìyàn mẹ́ta tó jókòó sídìí tábìlì yóò ṣe fún un? Ó bà mí lẹ́rù ṣáá. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé kí ló dé tí n kò fi ásíìdì fa àwọ̀ náà jáde, nígbà tó jẹ́ pé ara rẹ̀ máa ń balẹ̀ jù nínú ásíìdì. Mo ní: "Ọ̀gá, ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò ìyá náà ni mo fẹ́ mọ̀. Kò sí ásíìdì níbẹ̀." Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó bọ́ sí ìbéèrè mìíràn. Wọ́n ní kí n tún ojú ìwé díẹ̀ ṣe, mo tún un ṣe, mo fi sílẹ̀, ó parí.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan bi mí lónìí pé tó bá jẹ́ pé kán-ún kò ṣe nǹkan kan ńkọ́, ṣé wọn ì bá fún mi ní màsítà? Bẹ́ẹ̀ ni. "Kò ṣe nǹkan kan" náà jẹ́ ìdáhùn, bí o bá wọn ọ́n bó ṣe yẹ.

Ìbéèrè kan ṣì wà lójú ìwé tó kẹ́yìn nínú kàyé mi tí n kò ráyè dáhùn: bí wọ́n bá tún pòròpórò kan náà sè lẹ́ẹ̀kejì, àwọ̀ tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ tó èló? Ìdì kan, kán-ún díẹ̀, ìkòkò kan. Kàyé náà wà nílé wa; ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó yà bá màmá mi nísọ̀, yóò mú un wá.