Bá Mi Gbé Hansken: Ìtàn Maeyken Wens àti Ìdílé Rẹ̀

Ẹ fojú inú wo àwòrán kan dáadáa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tú eérú. Àbúrò rẹ̀, ọmọ kékeré, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iná ti kú, èrò ti túká. Irin kékeré kan ló ń wá, irin tí wọ́n fi de ahọ́n ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó sun ún.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Jan Luyken, ayàwòrán ará Amsterdam, ló fín àwòrán náà sára bàbà fún ìwé kan tó jáde ní 1685. Ohun tó yà ti ṣẹlẹ̀ ní ọdún 112 ṣáájú, ní ìlú Antwerp, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù lónìí. Maeyken Wens lorúkọ ìyá náà. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín, nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo nínú lẹ́tà rẹ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi. A máa dé ibẹ̀.

Ọkọ Maeyken ni Mattheus Wens. Bíríkìlà ni. Tó bá ti kó ọwọ́ kúrò nínú yẹ̀pẹ̀ àti òkúta, á di òjíṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ Mennonite tó wà ní Antwerp. Ẹ má rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó ní agogo ni mò ń wí o. Ìjọ tó ń fara pamọ́ ni, torí pé ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ìpàdé wọn, ẹ̀mí onítọ̀hún lè bá a lọ.

Kí ni wọ́n ṣe? Ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ni. Ní 21 Oṣù Kìíní 1525, ní ìlú Zurich, ní Switzerland, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Conrad Grebel ṣe ìrìbọmi fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, George Blaurock. Àgbàlagbà ni Blaurock, wọ́n sì ti ṣe é fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ohun tí àwọn èèyàn yìí ń sọ ni pé ọmọ ọwọ́ kò lè gba ohun tí kò mọ̀ gbọ́. Kí èèyàn dàgbà, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbàgbọ́, ká tó ṣe ìrìbọmi fún un. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí, kò sẹ́ni tí èyí máa yà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà yẹn, ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ ló ń sọ èèyàn di ọmọ ìjọ àti ọmọ ìlú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá sì kọ̀ ọ́, lójú àwọn aláṣẹ, ó fẹ́ tú ìlú ni. Ní 1529, ìgbìmọ̀ tó péjọ ní Speyer, ní Jámánì, pàṣẹ pé ikú ni ìjìyà ẹni tó bá tún ìrìbọmi ṣe.

Ohun kan tún wá ba ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ sí i. Ní 1534, àwọn kan lára àwọn tó ń tún ìrìbọmi ṣe fi ohun ìjà gba ìlú Münster, ní Jámánì, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn. Láti ìgbà náà, ojú kan náà ni ìjọba fi ń wo gbogbo wọn. Menno Simons, àlùfáà Kátólíìkì ní Friesland, ní Netherlands, tó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ ní 1536, wà lára àwọn tó kó àwọn tó kù jọ, tó sì kọ́ wọn pé Kristẹni kì í gbé idà. Ara orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ti mú Mennonite. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé obìnrin tí wọ́n mú yìí, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò gbà á láyè kó gbẹ̀san lára ẹnikẹ́ni.

Filípì Kejì, ọba Sípéènì, ló ń jọba lórí Antwerp nígbà náà. Alba, ọ̀gágun líle tó rán wá ní 1567, kò fojúure wo ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá pè ní aládàámọ̀. Ní 1573, wọ́n mú Maeyken pẹ̀lú àwọn onígbàgbọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì jù wọ́n sí ẹ̀wọ̀n tó le jù ní ìlú náà. Àwọn àlùfáà wá, àwọn aráàlú wá, wọ́n ń rọ̀ ọ́ kó yí ohùn padà. Wọ́n dá a lóró. Kò yí i padà.

Lẹ́tà ló ń kọ níbẹ̀. Nínú èyí tó kọ sí òjíṣẹ́ ìjọ kan, ó ní ó mà rọrùn o láti jẹ́ Kristẹni, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá tíì dán ẹran ara wò, tí kò sì sí ohun tí èèyàn máa fi sílẹ̀. Inú ẹ̀wọ̀n ló ti sọ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni mo fi ń gbọ́ ọ tọkàntọkàn.

Ó kọ̀wé sí Adriaen náà, àkọ́bí rẹ̀, ọmọ bí ọdún 15. Ó ní kó kọ lẹ́tà sí òun, kó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, bóyá ó fẹ́ bẹ̀rù Olúwa. Ó wá fi kún un pé kó kọ ọ́ dáadáa o, kó dára ju méjì tó kọ kẹ́yìn lọ. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Ẹ̀wọ̀n nìyẹn, iná ń bẹ níwájú, síbẹ̀ ó ń bá ọmọ wí lórí ìkọ̀wé rẹ̀. Abiyamọ ni.

Ní 5 Oṣù Kẹwàá, wọ́n dájọ́ rẹ̀: kí wọ́n sun ún títí yóò fi di eérú, kí wọ́n sì fi irin ti ahọ́n rẹ̀ pa. Ńṣe ni wọ́n máa ń lọ́ irin náà títí ahọ́n kò fi ní lè mira mọ́. Ẹ̀rù ohun tí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ máa ń sọ fún èrò ìwòran lójú ọ̀nà ló ń bà wọ́n.

Lẹ́yìn ìdájọ́ náà, ó tún kọ̀wé sí Adriaen. Ó ní kó gba lẹ́tà náà bí ogún, nítorí Adriaen ni àgbà láàárín àwọn ọmọ. Ó ní kó má bẹ̀rù ìyà yìí, pé nígbà tí wọ́n dájọ́ òun, òun kò mọ ohun tí òun ì bá fi ayọ̀ ṣe. Ó ní kó máa ṣe dáadáa sí bàbá rẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, kó má bà á nínú jẹ́. Kí àwọn ọmọ fi ẹnu ko ara wọn lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan nítorí òun, fún ìrántí. Tí wọ́n bá sì wá mú bàbá wọn náà lọ, kí wọ́n máa tọ́jú ara wọn. Ó wá kọ gbólóhùn tí mo ní a máa dé ibẹ̀ yẹn: máa bá mi gbé Hansken lápá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Hansken ni orúkọ ìkẹ́ Hans, àbíkẹ́yìn wọn, ọmọ bí ọdún 3. Ìyá rẹ̀ mọ̀ pé apá òun kò ní gbé e mọ́, ló bá ń yá apá àkọ́bí. Níparí lẹ́tà náà, ó pe ara rẹ̀ ní ìyá tó bí Adriaen nínú ìrora púpọ̀. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ti fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ bẹ̀ rí mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, 6 Oṣù Kẹwàá. Adriaen kò lè jókòó sílé. Ó gbé Hans lápá, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ ọ́, ó gbé e lọ sí ọjà tí wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀ sí, ó sì gun orí bẹ́ǹṣì kan nítòsí kó lè rí ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú Maeyken jáde, tí wọ́n dè é mọ́ òpó, ojú Adriaen ṣú, ó ṣubú lulẹ̀, ó dákú. Kò jí títí wọ́n fi sun ìyá rẹ̀ àti àwọn yòókù tán. Nígbà tó jí, èrò ti lọ. Ó lọ síbi òpó náà, ó tú eérú, ó rí irin náà, ó sì mú un lọ pamọ́ fún ìrántí ìyá rẹ̀. Aṣọ ìyá ni ọmọ máa ń gbà sọ́wọ́ tí ìyá bá kú. Lẹ́tà àti irin ni ti Adriaen.

Ní ọdún kan náà, ní Antwerp kan náà, Janneken Munstdorp bí ọmọbìnrin sínú ẹ̀wọ̀n. Wọ́n ti pa ọkọ rẹ̀ ṣáájú. Wọ́n dúró dìgbà tó bímọ kí wọ́n tó pa òun náà. Ó kọ lẹ́tà sílẹ̀ fún ọmọ bí oṣù kan náà, tó ń jẹ́ Janneken bíi tirẹ̀, kó lè kà á lọ́jọ́ tó bá dàgbà.

Thieleman van Braght, oníwàásù Mennonite ní Dordrecht, ló kó lẹ́tà àti ìtàn irú àwọn wọ̀nyí jọ sínú ìwé ńlá kan ní 1660. Dígí Àwọn Ajẹ́rìíkú ni ká pè é ní Yorùbá. Inú ẹ̀dà 1685 rẹ̀ ni àwòrán Luyken wà. Ní 1748 àti 1749, àwọn ará kan ní Ephrata, ní Pennsylvania, tẹ̀ ẹ́ ní èdè Jámánì fún àwọn Mennonite tó ti ṣí lọ sí Amẹ́ríkà. Ọkùnrin 15 ló ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún 3. Nígbà ogun òmìnira Amẹ́ríkà, àwọn sójà wá kó àwọn ẹ̀dà tí wọn kò tíì dì, wọ́n fi bébà rẹ̀ wé ẹ̀tù ìbọn. Ó dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á: ìwé àwọn tí kì í gbé ohun ìjà. Títí dòní, àwọn ìdílé Mennonite àti Amish (ìjọ tó jẹ́ ìbátan Mennonite) kan ṣì ń fi ìwé náà ta tọkọtaya tuntun lọ́rẹ.

Lẹ́yìn tí Van Braght kọ ìtàn Adriaen àti irin náà tán, ó fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ní 1659, ọdún 86 lẹ́yìn iná ọjà Antwerp, ó ní àwọn ọmọ-ọmọ obìnrin yìí ṣì wà láyé, òun sì mọ̀ wọ́n dáadáa. Wọ́n fi orúkọ ìyá àgbà sọ wọ́n. Maeyken Wens ni wọ́n ń jẹ́.