Ta Ló Mú Kọ́kọ́rọ́ Nọ́sìrì Dání?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ fi ọ̀sán Sátidé yín sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ nọ́sìrì, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ igi àti ọmọ ẹ̀fọ́ kó tó dé oko, àti ṣọ́ọ̀bù nǹkan oko, tí ará àdúgbò jọ ni, ni wọ́n ní kí n wá sọ. Bí irú ọ̀rọ̀ báyìí bá ti délẹ̀, owó àti ilẹ̀ la máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Èmi máa ń bèèrè ẹni tó ń dá iye owó ọjà àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni, ṣọ́ọ̀bù ẹni yẹn ni, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára pátákó.

Ìbàdàn kì í ṣe ìlú tí ìmọ̀ ọ̀gbìn ti wọ́n. Moor Plantation, ibùdó ìwádìí ọ̀gbìn, ti wà láti ayé òyìnbó. IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn àgbáyé, dé ní 1967. NIHORT, tó ń ṣèwádìí ẹ̀fọ́ àti èso, bẹ̀rẹ̀ ní Ìdí-Ìṣin ní 1975. Iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó wà ní Ìdí-Àyúnrẹ́, ti igbó wà ní Jẹ́ríkò. Síbẹ̀, ìyá tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ̀ létí odò, tó fẹ́ ogún ìdí ata péré, kì í mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn. Owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ lè pọ̀ ju owó ata lọ. Àlàfo yẹn ni nọ́sìrì àdúgbò wà fún: kí ẹgbẹ́ lọ kó o lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tọ́ ọ, kí wọ́n sì máa tà á lẹ́yọ lẹ́yọ fún ẹni tí kò lè ra púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí irúgbìn, torí ibẹ̀ ni ìrẹ́jẹ máa ń gbà wọlé láìpariwo. Tòmátì tí wọ́n ń pè ní hybrid, tí wọ́n fi oríṣi méjì bí, máa ń so dáadáa nígbà tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ gbìn ín. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá sá kóró rẹ̀, tẹ́ ẹ tún un gbìn, ohun tó máa hù kò ní dọ́gba: òmíràn á sanra, òmíràn á rù. Ẹ máa padà lọ rà á ni. Kò burú kéèyàn rà á. Kí ẹni tó ń tà á má sọ ló burú. Tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ilá ìbílẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ díẹ̀ sílẹ̀ lórí ebè, kó gbó, kó gbẹ. Ẹ pa á, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ dà á sínú ìgò gbígbẹ, ẹ dé e pa. Ẹni tó bá yá agolo irúgbìn kan lọ́wọ́ ẹgbẹ́, agolo kan àtààbọ̀ ni yóò dá padà lẹ́yìn ìkórè. Ẹni tó gba ìdì igi pákí kan lọ́dún yìí á dá méjì padà lọ́dún tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní nira fún un, torí igi kan tá a bá gé máa ń kárí ebè púpọ̀.

Àṣà yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn bàbá wa ń gba ewúrẹ́ sìn. Tó bá bímọ, wọ́n á pín in. Ohun tó jọ ọ́ ni Fannie Lou Hamer ṣe ní ìpínlẹ̀ Mississippi, l'Amẹ́ríkà. Ní 1962, obìnrin adúláwọ̀ yìí lọ forúkọ sílẹ̀ kó lè máa dìbò. Ọjọ́ yẹn náà ni olóko òwú tó ń bá ṣiṣẹ́ lé e jáde. Ẹni tó bá ni ilé tá à ń gbé, tó sì ni oko tá a ti ń jẹun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ni ẹnu wa náà. Nígbà tó yá, ní ìparí àwọn ọdún 1960, òun àti àwọn èèyàn ẹ̀ dá oko àjọni sílẹ̀, Freedom Farm, wọ́n sì ní báǹkì ẹlẹ́dẹ̀. Ìdílé kan á gba abo ẹlẹ́dẹ̀. Tó bá bímọ, wọ́n á dá lára ọmọ rẹ̀ padà kí ìdílé mìíràn lè gbà. Oko náà kò dé ọdún 1980. Owó tí àwọn ará ìta ń fi ránṣẹ́ dín kù, òjò àti ọ̀dá sì dà á láàmú. Mo sọ èyí kẹ́ ẹ má bàa gbé gbogbo ẹrù lé owó ìrànwọ́. Ní Kẹ́ńyà, ẹgbẹ́ Green Belt tí Wangari Maathai dá sílẹ̀ ní 1977 ń san owó díẹ̀ fún àwọn obìnrin abúlé lórí igi tó bá yè, kì í ṣe lórí èyí tí wọ́n gbìn níwájú kámẹ́rà.

Ilẹ̀ ńkọ́? Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ onílẹ̀ ṣì wà ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ Ìbàdàn ń dáko lórí ilẹ̀ tí onílẹ̀ ò tíì kọ́. Ọjọ́ tí búlọ́ọ̀kù bá dé, ẹ̀fọ́ parí. Ìdí nìyí tí mo fi ní ká ti orí nọ́sìrì bẹ̀rẹ̀: ọmọ igi inú náílọ́ọ̀nù dúdú ṣe é gbé. Ẹ gba ìwé àdéhùn o, kódà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá yín. Ẹ má sì torí omi gbé e sétí odò gan-an. Ẹni tó rí bí odò Ọ̀gùnpa ṣe kún ní 1980, tó tún rí àgbàrá oṣù kẹjọ 2011, kò nílò àlàyé mi.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù, mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń rọ oògùn apakoríko sínú ike omi, láìsí orúkọ lára. Tiyín kò gbọdọ̀ ta irú ẹ̀ láéláé. Ẹ má sì sọ pé ẹ ò ní tàwìn; torí àgbẹ̀ tí kò rówó nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lẹ ṣe dá a sílẹ̀. Ẹ fi àwìn mọ sórí irúgbìn àti ajílẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa ka ìwé náà sókè ní ìpàdé oṣooṣù, torí ẹni tí kò mọ̀wé ní ìpín ńbẹ̀. Àgbẹ̀ ilẹ̀ Ìbàdàn mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá dá iye lé e lórí láìbi í: láàárín 1968 sí 1969, àwọn Àgbẹ́kọ̀yà, àwọn àgbẹ̀ tó dìde sí ìjọba lórí owó orí, tí Táfá Adéoyè wà lára olórí wọn, pariwo pé òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, làwọn ó san, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn kí ìjọba tó gbọ́. Kí àwọn obìnrin wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń dá iye owó, kì í ṣe ká pè wọ́n wá se ọbẹ̀ ìpàdé.

Ìyá kan bi mí pé kí ni kí àwọn fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní ata. Yóò lo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú nọ́sìrì kó tó ṣe é lọ́ sóko, nítorí náà kí wọ́n ka ọ̀sẹ̀ sẹ́yìn láti ìgbà tí òjò máa ń mú dáadáa ládùúgbò wọn. Ilẹ̀dú, ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà, imọ̀ ọ̀pẹ fún ìbòji. Ìwọ̀nyẹn ò wọ́n. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní náílọ́ọ̀nù dúdú ṣẹ́kù sílé òun, àwọn ìyá sì ti gba nọ́ńbà ẹ̀ kí n tó sọ̀ kalẹ̀.